Àwọ̀ Tó Yẹ Husseinat

Ojúlé Kẹrìnlá,
Adéwọlé,
Ìlọrin.
Àlàrúbá, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1991.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, Àlàájì Àbdùlkàrímù, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Sókótó. Mo bẹ Ọlọ́run Ọba kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi wà, ọkọ mi wà, Ìsmáílà àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà. N ó fẹ́ kọ ọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́, ẹ sì mọ̀ pé láti kékeré ni n kò ti mọ irọ́ í pa fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Husseinat wà ní ọsibítù. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà. Ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀, ó dá wa mọ̀; mo tètè kọ ìyẹn kí ọkàn yín má baà já. Ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ni. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni àìsàn náà dì mú. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lánàá, èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Ẹ ó rí i lára ìkọ̀wé mi náà.

Yísà awakọ̀ ló ń mú ìwé yìí bọ̀. Mo lè ní kó kàn fẹnu sọ fún yín pé ẹ máa bọ̀ kíákíá, kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú àìsàn yìí tí a kì í rán awakọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kan ẹ̀yin náà. Tó bá dùn yín, ẹ ṣe sùúrù títí ẹ ó fi dé, kí ẹ wá nà mí ní ojúkojú. Ẹ ti nà mí rí nítorí ìkòkò ẹ̀wà tó jóná. Èyí ju ìkòkò ẹ̀wà lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Láti ìgbà tí ẹ ti bí àwọn ìbejì ni ẹ ti ń ra aṣọ kan náà fún wọn, bí gbogbo ìyá ìbejì ti ń ṣe, ohun tó bá sì yẹ Hassanat ni ẹ máa ń rà. N kò bá yín wí. Ẹni tó bá dúró níwájú àtẹ aláṣọ, ojú ọmọ tó ń dán ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Apọ́nbéporẹ́ ni Hassanat: píǹkì yẹ ẹ́, búlúù yẹ ẹ́, léèsì funfun báláú yẹ ẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí Husseinat bá wọ irú rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tí wọ́n bu eérú lù. Fọ́tò ìtúnu ààwẹ̀ tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣì wà lára ògiri mi. Kò sí àlejò tó wò ó tí kò bi mí pé kí ló ń ṣe ìkejì rẹ̀.

Kò sí ohun tó ń ṣe é nígbà náà. Ìgbà tí ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi ní 1988 kó wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo mú un dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fa ègé aṣọ bò ó ní èjìká lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà. Búlúù mú kí abẹ́ ojú rẹ̀ ṣú. Píǹkì sọ ọ́ di ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Funfun báláú ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ìgbà náà ni mo lọ yọ ìborùn sányán ìyá wa tó ti gbó nínú àpótí, mo fi bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ọmọ náà tòrò. Ẹyinjú rẹ̀ jáde, ètè rẹ̀ jáde, mo rí i pé ó lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ni ọdún kejìdínlógún rẹ̀ láyé nìyẹn.

Àwọ̀ Husseinat kò pọ́n bí epo, kò sì dúdú kó máa dán. Rúsúrúsú ni, ó fara pẹ́ èèpo àlùbọ́sà, ó dákẹ́. Aṣọ tó bá ń pariwo, á gba ojú mọ́ ọn lọ́wọ́. Aṣọ tí òun náà bá dákẹ́ ló yẹ ẹ́: àwọ̀ oyin, àwọ̀ obì, àwọ̀ ewé tó ti ń gbẹ, àwọ̀ amọ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kó wọ funfun mọ́, àfi híjáàbù ìkírun rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ bínú sí mi nígbà tí ẹ wá lọ́dún kejì tí ẹ bá a nínú aṣọ tí kò bá ti Hassanat mu. Ẹ ní a kì í ya aṣọ ìbejì. Mo ní aṣọ ni mo yà, n kò ya ìbejì. A jọ rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó bá kọjá ní ọjà Ipata. Aṣọ àwọ̀ oyin ló wọ̀ lọ́jọ́ tí Àbdùlgàfárù, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúgbò Fate, mú ṣòkòtò tó ya wá fún wa láti rán. Ó tún mú òmíràn wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo sọ fún un pé kó yéé fa aṣọ ya, kó lọ rán àwọn òbí rẹ̀ wá láti oko. Àgbẹ̀ ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀ ni a dá fún yìgì ìgbéyàwó wọn. Mo ń yangàn nígbà náà, n kò lè purọ́. Mo ń sọ ọ́ kiri pé ojú mi ló rí ohun tí ojú gbogbo ayé kò rí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Husseinat ń pọ́n. Wọ́n ní ara ìyàwó ni. Ìyá Àbdùlgàfárù dì mọ́ ọn, ó ń pè é ní apọ́nbéporẹ́ òun. Mo wò ó, mo rí i pé lóòótọ́ ni ó ń pọ́n, mo sì rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo tún rán búbà àti ìró àwọ̀ wúrà tó ṣókùnkùn díẹ̀ fún un. Bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ ní àwọ̀ oyin àti àwọ̀ obì, bẹ́ẹ̀ ni pípọ́n ara rẹ̀ ń wọ inú aṣọ lọ tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ìyàtọ̀. Aṣọ tí mo yàn fún un ló bá àìsàn fi ara pamọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù ìyàwó wá, mo pe Talatu tó ń lé làálì ní àdúgbò wa, ó lé e fún un ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ó dúdú, ó dára. Husseinat alára ń lé tìróò ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Kò fẹ́ jẹun, mo ní àníyàn ilé ọkọ ni. Ó ń sùn lórí ẹ̀rọ, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí àìsàn ń wí ni mo ń bá a túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Nọ́ọ̀sì Christiana yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ará Èkìtì ni, aya Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí, mo ti ń ránṣọ fún un tipẹ́. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ló wá gbà, funfun láti òkè délẹ̀. Ó ti múra tán, kò fẹ́ bọ́ra, òun àti Husseinat sì ga dọ́gba, ló bá ní kí Husseinat bá òun wọ̀ ọ́ kí òun lè rí ibi tí ìṣẹ́tí rẹ̀ dé. Husseinat ní Àǹtí kì í jẹ́ kí òun wọ funfun. Mo ní kó lọ wọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú kan ni. Ó jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń mú gbogbo ènìyàn dúró sí. Ojú rẹ̀ dà bí gààrí olépo.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní bò ó. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá Ìsmáílà, láti ìgbà wo lojú ọmọ yìí ti rí báyìí?” Èmi dáhùn pé, “Funfun ni kò yẹ ẹ́.” Bí mo ti wí nìyẹn. Obìnrin náà kò bá mi jiyàn. Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú Husseinat wálẹ̀, ó nu tìróò rẹ̀, ó wo ẹyinjú. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà kó lè wo àtẹ́lẹwọ́, ó bá làálì níbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀, ó tún bá làálì níbẹ̀. Ó wá sọ pé, “Ta ló bo gbogbo ibi tó yẹ kí èèyàn wò báyìí?”  Orí àga ẹ̀rọ ni mo jókòó sí. Òun ló pe ọkọ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ni Husseinat wọ̀ dé ọsibítù.

Hassanat dé láti ilé ìwé ní Mìnà lọ́jọ́ Sátidé, ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó ló rò pé òun wá bá. Láti ìgbà náà ni àwa méjèèjì ti ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ Àlàádì àti Àtìní ni n kò fẹ́ rántí. Ó sùn, a pè é, kò dáhùn. Nígbà tó dáhùn, ó ń bá ìyá wa àgbà sọ̀rọ̀, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí i. Hassanat sá jáde. Èmi kò lè sá. Mo ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀, nígbà tí wọ́n tán mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àbdùlgàfárù ń wá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ yìgì fún òun, Husseinat ni kó kọ́kọ́ yè.

Dókítà ní kí a máa fi aṣọ funfun bò ó, kí a má fi aláràbarà kankan sí tòsí rẹ̀, kí òun lè máa rí bí àwọ̀ rẹ̀ ti ń lọ sí. Ó ní kí èmi náà máa wò ó bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹ mọ ohun tí funfun jẹ́ fún wa: òun ni a fi ń di òkú. Ní gbogbo òwúrọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń fa aṣọ funfun náà dé ọrùn rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ọrùn ni mo fà á dé, n kò fà á bo ojú. Nígbà mìíràn mo rò pé ó ń dín kù. Nígbà mìíràn mo rò pé ó ń pọ̀ sí i. Ojú tí mo fi ń yangàn ni, n kò sì gbà á gbọ́ mọ́.

Àná, Àtàláátà, ó jí dáadáa. Dókítà wò ó, ó ní ó ti gba ibi tó le jù kọjá, pé tó bá lè máa jẹun, kó máa mu omi, kó máa lo oògùn rẹ̀ déédé, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀ náà padà sípò. Ó ní ṣùgbọ́n tí kò bá jẹun, òun kò lè ṣèlérí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Hassanat ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Husseinat wá béèrè dígí. N kò fẹ́ kó rí ara rẹ̀, Hassanat ti yọ tirẹ̀ nínú báàgì kí n tó ṣẹ́jú. Ó wo ojú rẹ̀ títí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wò ó, mo ti pọ́n ju Hassanat lọ.”

Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Ibà kọ́. Nígbà tí Hassanat lọ pọnmi, Husseinat sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ kéré, ó sì mọ́. Ó ti ju oṣù kan lọ tí ìtọ̀ rẹ̀ ti dà bí omi tíì. Ó rí i pé ẹyinjú òun ń pọ́n. Ó mọ̀ pé kì í ṣe àlàáfíà, ìdí nìyẹn tó fi ń lé tìróò. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní apọ́nbéporẹ́, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ yìgì, kí òun lè jókòó ti Hassanat lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè pé kí ló ń ṣe òun. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ fún mi.

Ó wá bi mí léèrè pé, “Àǹtí, tí ara mi bá yá, ṣé àwọ̀ mi ti tẹ́lẹ̀ ló máa padà wá?” Inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti tẹ́lẹ̀ gan-an, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó yí ojú sí ògiri. Láti ìgbà náà títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò gbé oògùn mì. Ẹ̀kọ mímu tí mo pò fún un tutù, mo dà á nù, mo pò mìíràn, ìyẹn náà tutù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Àìsàn tí dókítà lè rí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù mọ́.

Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé àwọ̀ rẹ̀ kò dára, èmi tí mo fi odindi ọdún mẹ́ta wá aṣọ tó yẹ ẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ṣebí torí kò dára lẹ ṣe ń wá aṣọ sí i.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò fìgbà kan sọ fún un pé ó lẹ́wà. Mo fi aṣọ sọ ọ́, n kò fi ẹnu sọ ọ́, mo rò pé ó ń gbọ́. Àná ni mo sọ ọ́, mo tún un sọ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn ń tu aláìsàn nínú ni ó ṣe gbọ́ ọ.

Ó wá sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ó ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí ẹ bá ń wẹ̀ fún àwọn méjèèjì, tí àlejò bá wà nílé, ẹ máa ń fọwọ́ kan Hassanat, ẹ ní, “Èyí ni mo bí,” ẹ ó fọwọ́ kan òun, ẹ ní, “Èyí, etí odò ni mo ti rí i he, ẹ ò rí i bó ṣe dà bí yanrìn?” Àlejò á rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a jọ pín ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbàgbé. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó ń bá àìsàn jà, ohun tó ń rò nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúró palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ bá Yísà padà bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀kọ tí mo pò kò lè wọ̀ ọ́ lọ́fun, oògùn dókítà kò lè wọ̀ ọ́ lọ́fun, ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹ wá jókòó tì í. Ẹ wá fọwọ́ kàn án níwájú Hassanat, níwájú èmi, níwájú ẹni yòówù tó bá wà ní yàrá náà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ bí i.

Kí Ọlọ́run Ọba tọ́jú yín lọ́nà, kó fi sùúrù àti àlùbáríkà sí ìrìn yín, kó má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ. Kó jẹ́ kí ẹ dé bá a láàyè, kó jẹ́ kí ó gbọ́ yín. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Bàríkísù.

Mo gbàgbé: Mo ti pa ìwé yìí dé nígbà tí Husseinat rí i lọ́wọ́ mi tó bi mí bóyá ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n tún un kọ, kí n kọ ọ́ pé Hassanat ni ara rẹ̀ kò yá, pé bí ẹ ṣe máa tètè dé nìyẹn. N kò tún un kọ. Husseinat ni.